Bí Mo Ṣe Sọ Ahoro Di Ọgbà

Yàrá tí a ti ń ṣe àdúrà ní Forest Lawn, ní ìlú Calgary ní Canada, máa ń ní òórùn bàtà tútù àti ti kọfí. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ethiopia kan ló wà, ní International Avenue, ọ̀sán Sunday gan-an ni wọ́n sì máa ń yan kọfí wọn, ní àkókò tí àwa ń to bàtà snow wa sí ẹ̀gbẹ́ heater kí wọ́n lè gbẹ. Òórùn méjèèjì á dàpọ̀, á lẹ̀ mọ́ aṣọ wa, á sì bá wa délé. Títí di òní, bí mo bá kọjá níwájú ibi tí wọ́n ti ń yan kọfí, ẹsẹ̀ mi máa ń fẹ́ yára, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun gbé nǹkan kaná kí òun tó jáde. O ti bi mí rí ìdí tí n kì í fi í jókòó pẹ́ ní ilé kọfí. Mo ní ariwo ni. Kì í ṣe ariwo.

Ọdún tí mo parí yunifásítì ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ kò sì tíì dé. Mo ń gbé nínú basement ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Rundle. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ó fi ọdún méje jù mí lọ, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ epo kan ní downtown, òun ló sì wá gbé mi ní airport lọ́jọ́ tí mo dé ilẹ̀ yìí pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tí kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ òtútù. Láàárọ̀, màá fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́. Lọ́sàn-án, màá máa rìn. Mo mọ̀ pé láti abẹ́ fèrèsé basement yẹn dé ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ, ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni. Mò ń rìn ín lálọ lábọ̀ bí ẹni tó ń retí kí iye rẹ̀ yí padà. Ẹ̀gbọ́n mi á kígbe láti òkè pé, "Ìwọ yìí, o máa lu floor yẹn já o. Kò sí ibòmíràn lábẹ́ rẹ̀ tí o lè gbé."

Olórí ẹgbẹ́ àdúrà wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá, jẹ́ ẹnjiníà tó ń kọ́ afárá. Ẹni pẹ̀lẹ́ ni. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn kí n tó sọ ìyókù, torí nínú irú ìtàn báyìí, ẹni bíi tirẹ̀ ni àwọn èèyàn tètè máa ń sọ di ẹlẹ́tàn. Kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti fi ìgbà òtútù mẹ́ta kọ́ ara rẹ̀ ní èdè Hébérù, ó ń kọ lẹ́tà rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì sínú ìwé onílà bí ọmọ iléèwé, ibẹ̀ ló sì ti bá ohun tí wọ́n ń pè ní Átíbáṣì pàdé.

Bí Átíbáṣì ṣe rí nìyí. Lẹ́tà méjìlélógún ni èdè Hébérù ní. Lẹ́tà àkọ́kọ́ á bá ti ìkẹyìn pààrọ̀ ipò, ìkejì á bá ìkejì láti ẹ̀yìn pààrọ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi pàdé láàárín. Ọ̀rọ̀ tí o bá kọ á wá di ọ̀rọ̀ mìíràn. Kì í ṣe àròsọ. Nínú ìwé àwọn wòlíì, wọ́n dárúkọ ibì kan ní Ṣeṣaki, tí ẹnikẹ́ni kò rí lórí àwòrán ilẹ̀. Tí o bá pààrọ̀ àwọn lẹ́tà rẹ̀ lọ́nà yìí, Bábẹ́lì ló máa jáde. Ìyẹn ni mo gbà, torí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni n kò mọ̀. Àwọn kan ní ìbẹ̀rù ọba ló mú kí wọ́n fi orúkọ ìlú náà pamọ́. Àwọn mìíràn ní ọgbọ́n akọ̀wé lásán ni, nítorí pé ní ojú ewé kan náà wọ́n tún dárúkọ Bábẹ́lì ní gbangba. Irú rẹ̀ mìíràn tún wà: Álíbámù, tó ń pín lẹ́tà sí ìlà méjì kí ti òkè lè bá ti ìsàlẹ̀ pààrọ̀, àti Áfígádì, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ń di èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn Júù tó ń wá àṣírí inú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gbà pé lẹ́tà ni Ó fi dá ayé, àti pé ẹni tó bá ń yí wọn padà pẹ̀lú àdúrà lè rí ohun tí ojú lásán kì í rí. Bọ̀dá gba ìyẹn gbọ́. Èmi kò lè sọ pé mo gbà á gbọ́, n kò sì lè sọ pé irọ́ ni.

Láti orí ìwé mímọ́ ni Bọ̀dá ti bọ́ sórí orúkọ èèyàn. Nínú àwọn ìwé tí èmi kà, n kò rí ibi tí àwọn tó ni ọgbọ́n náà ti fi yẹ àfẹ́sọ́nà wò. Ó lè jẹ́ pé n kò kà tó. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, àwọn méjì tó bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, tàbí tọkọtaya tó bá fẹ́ àdúrà, máa ń kọ orúkọ wọn sórí ìwé pélébé, Bọ̀dá á fi lẹ́tà Hébérù kọ ọ́, á yí i, á sì sọ ohun tí a máa gbàdúrà lé lórí fún wọn. Ó máa ń sọ pé, "Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ o. Prayer point lásán ni." Orúkọ kan lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko, lọ́pọ̀ ìgbà sì ni ohun tó jáde kì í ní ìtumọ̀ kankan. Nígbà náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Lẹ́tà dákẹ́," a ó súre fún àwọn méjèèjì, a ó sì jẹun.

Ọjọ́ kan ló sọ fún mi nígbà tí mò ń wọ bàtà pé, "Àbúrò mi, ṣé o lè bá wa fi kọ̀ǹpútà ṣe é? Ojú mi ti ń lọ." Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe é, inú mi sì dùn sí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ju bí mo ṣe lè jẹ́wọ́ lọ. Mo ṣe é kó máa gbìyànjú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí kò bá rí ọ̀rọ̀ kankan, kó ka lẹ́tà náà láti ẹ̀yìn wá. Bí kò bá tún rí, kó yọ lẹ́tà kan kúrò, kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo nílò àkójọ ọ̀rọ̀ tí yóò máa fi wé ohun tó bá jáde. Nítorí pé inú ìwé àwọn wòlíì ni a ti rí Ṣeṣaki, mo ronú pé ibẹ̀ ló yẹ kí n ti kó ọ̀rọ̀ jọ, ibẹ̀ nìkan ni mo sì ti kó wọn. Lójú mi, ìpinnu ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ náà kò dákẹ́ rí. Orúkọ tí o bá tẹ̀, á fèsì. Èmi tí mo ti máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà nídìí bàtà, wọ́n gbé àga fún mi níwájú, mo gbé laptop lé itan, Bọ̀dá sì ń sọ fún àlejò pé, "Àbúrò wa tó kọ app náà nìyí." N kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo kàn jókòó dáadáa síwájú ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ní àfẹ́sọ́nà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní camp àwọn tó ń wa epo rọ̀bì ní apá àríwá, ọ̀sẹ̀ méjì lọ́hùn-ún, ọ̀sẹ̀ kan ní Calgary. Ọkùnrin tó ga, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Professor ló ń pè mí. "Professor, kí ni science sọ lónìí?" Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń mú ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ìlú Okotoks. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tí àfẹ́sọ́nà náà ní ló ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, kò ju wákàtí kan lọ láti ẹnu ọ̀nà wa, síbẹ̀ ọdún kan àti ààbọ̀ ti kọjá tí kò tíì mú un lọ. Bí wọ́n bá dá ọjọ́, snow á wà lọ́nà, tàbí kí mọ́tò má dáa, tàbí kí wọ́n yí shift rẹ̀ padà. Ìwọ náà mọ ohun tó túmọ̀ sí láàárín wa bí ọkùnrin kò bá mú ìyàwó àfẹ́sọ́nà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tàbí ká sọ pé a mọ ohun tó lè túmọ̀ sí, n kò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀.

Ní March, nígbà tí ọkùnrin náà wà ní camp, ẹ̀gbọ́n mi kọ orúkọ wọn méjèèjì sórí ìwé pélébé. Mo tẹ̀ wọ́n. Bọ̀dá tẹ̀ síwájú, ó wo laptop, ó sì rọra jókòó padà. Òórùn kọfí kún inú yàrá.

"Bọ̀dá, ẹ kà á," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbàdúrà ná."

"Ẹ kà á, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo mú un wá."

Ó kà á. Orúkọ ọkùnrin náà di ọ̀rọ̀ tí àwọn wòlíì máa ń lò fún ìlú tí iná ti jó, tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́: ahoro. Ti ẹ̀gbọ́n mi di opó. Obìnrin kan lẹ́yìn wa pe Jésù, jẹ́jẹ́. Bọ̀dá ní prayer point ni, kí ẹnikẹ́ni má fòyà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yí padà, gbogbo wa ló sì gbọ́ ọ.

Nígbà tí à ń padà sílé, ẹ̀gbọ́n mi wa mọ́tò kọjá ibi tó yẹ kó ti yà. Kò yí padà. Ó ń wa ọkọ̀ lọ lójú títì tí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sórí snow ti sọ di funfun, lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ṣé app yẹn máa ń ṣàṣìṣe?"

"Mo ti dán an wò," ni mo wí.

Òótọ́ ni, kì í sì í ṣe ìdáhùn. Mo ti dán an wò bóyá ó ń pààrọ̀ lẹ́tà bó ṣe yẹ. N kò tíì bi ara mi léèrè bóyá orúkọ kan wà lábẹ́ ọ̀run tí ó lè wọ inú rẹ̀ tí ohun rere á jáde.

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti gbé ìpè ọkùnrin náà mọ́. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, ojú rẹ̀ ń wú. Ọkùnrin náà wá pè mí láti camp. "Professor, kí ni mo ṣe? Sọ fún mi, abeg."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún un láyè díẹ̀."

"Àyè kẹ̀? Snow àti igi ló wà níbí. Àyè tó wà níbí ti pọ̀ jù."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dé ibi kankan. Nígbà tí ó sọ̀kalẹ̀ wá fún ọ̀sẹ̀ ìsinmi rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un pé ara òun kò yá, kò sì jẹ́ kó wọlé. Mo rí i láti fèrèsé basement, ìyẹn ni pé bàtà rẹ̀ nìkan ni mo rí. Ó dúró pẹ́ nínú snow tó ti ń yọ́, ó yí padà, ó tún dúró, kó tó lọ.

Ní Tuesday tó tẹ̀ lé e, mo gbé laptop, mo wọ train ní Rundle. N kò ní ibì kan tí mò ń lọ. Mo dé downtown, n kò sọ̀kalẹ̀. Train náà gbé mi kọjá, mo bọ́ sí òdìkejì, mo padà, mo tún lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kejì ni mo ṣí ẹ̀rọ náà, mo sì tẹ orúkọ ara mi. Idà. Mo tẹ ti ìyá mi: ìyàn. Mo tẹ ti Bọ̀dá: ìtìjú. Mo tẹ Rundle, ó di eérú. Nígbà tí a dé ibùdókọ̀ Zoo, mo tẹ Zoo, ó di ẹkún. Mo tẹ jollof. Àjàkálẹ̀-àrùn. Mo rẹ́rìn-ín sókè, obìnrin tó jókòó kọjú sí mi sì gbé báàgì rẹ̀ mọ́ra.

Ìgbà náà ni mo rí ohun tí mo ṣe. Àwọn wòlíì yẹn kọ̀wé nígbà tí ogun ń bọ̀, nípa ìlú tí wọ́n fẹ́ kó lẹ́rú. Àwọn náà ní ọ̀rọ̀ ìtùnú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ló pọ̀ jù, inú ọ̀rọ̀ náà ni mo sì ní kí ẹ̀rọ máa ti wá ìtumọ̀ orúkọ gbogbo èèyàn, kó má sì jáwọ́ títí tó fi máa rí i. Mo dà bí ẹni tó kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ ìbínú nìkan, tó wá ń yà á lẹ́nu pé ọmọ náà kì í kí èèyàn. Kódà dídákẹ́ tí lẹ́tà máa ń dákẹ́ tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ ohun tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀, èmi ni mo mú un kúrò, wọ́n sì yìn mí fún un.

Ohun tó yẹ kí n ṣe hàn kedere. Kí n gòkè, kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ní Sunday, kí n dìde níwájú gbogbo wọn, kí n sọ ọ́. Mo rin ìṣísẹ̀ mọ́kànlá náà títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò sì gun àtẹ̀gùn. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá sọ ọ́, ọkàn rẹ̀ lè máà gbà á, torí ẹ̀rù tó ti wọlé kì í bá àlàyé jáde. Ó dà bí ọgbọ́n nígbà náà. Dípò kí n sọ ọ́, mo jókòó, mo kó ọ̀rọ̀ àwọn wòlíì dànù, mo lọ sínú orin ìfẹ́ tó wà nínú Bíbélì, mo kó ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Mo tẹ orúkọ wọn. Ohun tó jáde kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo yọ ọ̀rọ̀ kan, mo fi òmíràn sí i, mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí orúkọ ọkùnrin náà fi di ọgbà, tí ti ẹ̀gbọ́n mi sì di àdàbà.

Mo pe Bọ̀dá, mo ní mo ti tún app náà ṣe.

"Ẹ̀n-ẹ́n? Kí ló ṣe é?"

"Àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pé, sà."

Òótọ́ tún ni. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ní Sunday, Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ló ní kí a tún orúkọ wọn tẹ̀, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tí ó ka ọgbà, tí ó ka àdàbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ bo ojú. Obìnrin tó pe Jésù lọ́jọ́ kìíní tún pè é, lọ́nà mìíràn. Mo pa laptop dé.

Nígbà tí à ń lọ sílé, ó ń kọrin lẹ́nu, ó ń lu orí steering. Iná mú wa dúró nítòsí Sunridge. "Ṣé o mọ̀," ló wí, "kí gbogbo wàhálà yìí tó dé, mo ti pinnu pé mi ò ní mú date ìgbéyàwó kankan títí màá fi bi í ní ọ̀rọ̀ Okotoks. Pé kó jókòó kó sọ ọ́ fún mi. Ó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an. Ṣùgbọ́n kí ni mo tún ń wá? Ọgbà ni. Ọlọ́run ti bá mi bi í." Iná di àwọ̀ ewé, a sì lọ.

N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ohun tó ṣe mí nínú mọ́tò yẹn. Mo rò pé mo ti gbà á lọ́wọ́ ahoro. Àṣé kí ahoro tó dé, ìbéèrè kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbéèrè tirẹ̀, tó dára, tó ti pẹ́ kó tó ní ìgboyà láti gbé e dání. Ahoro gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀rù, ọgbà sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ayọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ mi sì ni méjèèjì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo tún fi rìn. Ní ìrọ̀lẹ́ Wednesday, mo gòkè. Ó ń dín dòdò.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo fi ọgbà síbẹ̀."

Kò kọ́kọ́ yí ojú padà. "Fi ọgbà síbo?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, látorí àwọn wòlíì dé orí jollof. Ó pa iná sítóòfù. Òróró náà ṣì ń hó díẹ̀.

"Ahoro ńkọ́?"

"Èmi náà ni. Àmọ́ ti ìyẹn, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"So Ọlọ́run ò sọ nǹkan kan."

"Mi ò mọ ohun tí Ọlọ́run sọ. App yẹn ni kò sọ nǹkan kan."

Ó wò mí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wo ọmọkùnrin yẹn bí òkú. Ó wá sí ẹnu ọ̀nà mi, mo tì í mọ́ta." Ohùn rẹ̀ kò ga. "O wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, ò ń gbọ́ ẹkún mi, o wá lọ ń ṣe editing." Títí di òní, n kò tíì gbọ́ ẹni tó ṣàpèjúwe mi pé tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n sọ̀kalẹ̀, kí n má jẹ́ kí òun rí mi.

Mo sọ̀kalẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tí ó pè é, mo gbọ́ nígbà tí ó sọ pé, "Kí ló wà ní Okotoks?" Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, ìrìn rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́ lókè orí mi, láti ìdí sítóòfù dé ẹnu ọ̀nà, àti padà. Ó pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró. Nígbà tó yá, ó wá jókòó sórí àtẹ̀gùn basement, ní ìdajì ọ̀nà, bí ẹni tí kò tíì pinnu bóyá òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló kú, ló sọ fún mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Okotoks lọ sin ín sí Nàìjíríà, àfẹ́sọ́nà náà kò lọ. Ó ń retí PR, ìwé ìgbélùú, nígbà náà, ẹ̀rù bà á pé bí òun bá jáde, wọn kò ní jẹ́ kí òun padà wọlé. Ìwé náà dé ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá a jà. Kò kàn pè é mọ́ ni, òun náà kò sì mọ ojú tí òun máa fi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kó tó wá di pé òun á mú ìyàwó lọ.

"Ọdún kan àti ààbọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mo ti rò pé ó níyàwó níbẹ̀ ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó nu imú. "Ìwọ náà ń bá wa lọ. O ò ní fara pamọ́ sí basement lọ́jọ́ yẹn."

Ní Sunday, mo dìde níwájú ẹgbẹ́ àdúrà. Mo dúró sí ìdí bàtà, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi mọ̀, mo sì sọ ohun tí mo ṣe lẹ́ẹ̀mejèèjì. Bọ̀dá tẹ́tí sílẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀rọ lè ṣàṣìṣe. Lẹ́tà kì í ṣàṣìṣe," ó sì padà sórí ìwé onílà rẹ̀. Kò bá mi jà. Ó kàn sọ pé, "Ó yẹ kí o ti sọ fún mi lórí fóònù," ìyẹn sì dùn mí ju ìjà lọ. Tọkọtaya méjì ti gba ọ̀rọ̀ tiwọn látinú ẹ̀rọ náà kí ti ẹ̀gbọ́n mi tó dé. Mo lọ bá wọn nílé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ti ilé kìíní dúpẹ́. Ìyàwó ilé kejì ní kí n má wulẹ̀ sọ fún ọkọ òun, torí láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé iná ń bọ̀ ni ọkọ òun ti ń tètè délé.

Ní Saturday tí àfẹ́sọ́nà náà sọ̀kalẹ̀ láti camp, a lọ sí Okotoks. Òun ló wa ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi wà lẹ́yìn. Snow ti yọ́ lórí pápá, ó ku díẹ̀díẹ̀ lẹ́bàá ọgbà wáyà, òkè ńlá sì ń bá wa lọ ní ọwọ́ ọ̀tún. Kò pè mí ní Professor. Ó ṣi ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì, ní ìlú tí ó ti gbé fún ọdún kan gbáko nígbà tí ó kọ́kọ́ dé Canada. Nígbà tí a débẹ̀, iwájú ilé kejì sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló páàkì sí, a sì fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, pẹ̀lú ṣòkòtò ilé àti sílípáàsì. Ọmọ kan béèrè láti inú ilé pé, "Daddy, who is it?" Àfẹ́sọ́nà ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí driveway, nínú omi snow àti òkúta wẹ́wẹ́, pẹ̀lú kóòtù tó dára jù tó ní. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà wò ó. Mo gbọ́ bí ó ṣe mí.

"Àjàní," ló wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dìde. Ilẹ̀ tutù."

Ẹ̀gbọ́n mi yí ojú wò mí. Kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Kò sí lórí ìwé pélébé tó mú wá fún Bọ̀dá, n kò tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ rí, kò sí nínú àkójọ kankan tí mo ṣe.

N kò fẹ́ sọ pé lẹ́tà kò fi nǹkan kan pamọ́. Bábẹ́lì wà nínú Ṣeṣaki lóòótọ́, ẹnì kan ló sì fi í síbẹ̀, fún ìdí tó yé òun. Ohun tí mo lè sọ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ bi ẹnì kejì rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀, mo sì dúró sáàárín wọn pẹ̀lú laptop lórí itan, mò ń fèsì. Mo ti ríṣẹ́ báyìí. Àwọn èèyàn ń bi ẹ̀rọ tí à ń ṣe léèrè ohun gbogbo, iṣẹ́ mi sì ni kí n rí i pé ó dáhùn. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó lè dákẹ́ nígbà tí kò bá mọ̀. Wọ́n ní àwọn tó ń lò ó kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Mo jókòó díẹ̀, mo dìde, mo rìn dé ojú fèrèsé, mo padà, mo sì tún un sọ.